Epo ń jò lára CG125 tí bàbá mi fi sílẹ̀, ẹ bá mi wò ó

Ọmọ Àsèró
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Abẹ́òkúta ni mo wà, ní Àsèró. Alùpùpù Honda CG125 kan ló wà lọ́wọ́ mi, òun ni bàbá mi ń gùn lọ síbi iṣẹ́ olùkọ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí wọ́n papòdà, àwọn ẹbí ní ká tà á, mo ní rárá. Ó lo ọdún mẹ́ta gbáko lábẹ́ tápólì. Oṣù tó kọjá ni mo ṣí i, mo pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì àti ọ́ìlì, mo rọ epo tuntun sí i, mo fi ẹsẹ̀ ta á lẹ́ẹ̀mẹrin, ó jí. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo jókòó sí tí mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀.

Àmọ́ ó ń jò. Òórùn epo ni mo fi ń jí láràárọ̀. Abẹ́ kábú, ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀ kó tó wọ ẹ́ńjìnnì, ni mo ti ń rí ẹ̀kán. Lálẹ́ àná, mo gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án. Nígbà tí mo máa fi jí ní aago mẹ́fà, epo tó wà nínú abọ́ kún ife ìmumi kan dáadáa. Ẹ mọ iye tí à ń ra epo látìgbà tí owó ìrànwọ́ ti kúrò lórí ẹ̀ ní 2023, mi ò lè máa sọ ọ́ nù báyìí.

Mẹkáníìkì kan ti bá mi wò ó. Ó ní kábú ti bàjẹ́, mo ra tuntun, ó gbé e sí i. Ọjọ́ mẹ́ta péré, tuntun náà bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ó ní àyederú ni, kí n lọ ra òmíràn. Mo ṣì tọ́jú kábú àtijọ́. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì Kútọ̀
Ọmọ mi, Ọlọ́run á fọ̀run kẹ́ bàbá. Kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ sípánà níbí, jẹ́ kí n béèrè: níbo lo ń gbé e sí lálẹ́? Abọ́ epo tó sùn mọ́jú yẹn, inú ilé ni àbí ìta?

Ìdí tí mo fi ń béèrè rèé. Ilé aláyàálégbé tí mo gbé tẹ́lẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ọmọkùnrin kan máa ń ti ọ̀kadà rẹ̀ wọ̀, kí olè má baà gbé e. Ó ń jò díẹ̀díẹ̀, gbogbo wa ń gbọ́ òórùn, a ò kà á sí. Ní ìdájí ọjọ́ kan, obìnrin kan ṣáná sí sítóòfù lápá kejì ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jìnnà sí ọ̀kadà yẹn dáadáa. Láti ibi sítóòfù ni iná ti sáré lórí ilẹ̀ lọ bá ọ̀kadà. Mo fi ojú mi rí i. Ìbejì mi ò tíì pé ọdún méjì nígbà yẹn, ojú fèrèsé la gbà gbé wọn jáde.

Afẹ́fẹ́ epo bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ. Kì í fò lọ sókè, ilẹ̀ ló ń rọ́ tẹ̀lé títí á fi bá iná pàdé. Jọ̀ọ́, gbé alùpùpù yẹn jáde lónìí, kí o tó ka èsì ẹlòmíràn.

Ọmọ Àsèró
Ẹ ṣeun gan-an mà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni lóòótọ́, yàrá ìdáná sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ti gbé e jáde báyìí, ó wà lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé. Mo ti fi omi àti ọṣẹ fọ ilẹ̀ ibẹ̀, mo sì ṣí fèrèsé sílẹ̀.

Mẹkáníìkì Láfẹ́nwá
Àbúrò, o ṣe dáadáa. Iṣẹ́ yìí ni mo kọ́, òun náà ni mo fi tọ́ ọmọ. Má ra kábú kankan mọ́.

Ibi tí epo ti ń kán sílẹ̀ lè jìnnà sí ibi tó ti jáde. Epo lè jáde lẹ́nu táàpù tí a fi ń ti epo pa lábẹ́ táǹkì lókè, kó rìn lẹ́yìn rọ́bà tó ń gbé epo lọ sí kábú wá sílẹ̀, kó wá kán ní ìdí kábú. Ẹni tó bá wo ìdí kábú nìkan á ní kábú ni. Mo ti rí ẹni tó ra kábú mẹ́ta nígbà tó jẹ́ wáṣà kan ló jẹ.

Ohun tí wàá ṣe nìyí. Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá. Yọ wáyà bátìrì kan. Ìta ni kí o wà, kí sìgá àti iná jìnnà. Wá àkísà tó gbẹ, nu táǹkì lábẹ́, nu táàpù, rọ́bà, kábú, nu gbogbo rẹ̀ títí kò fi ní sí ọ̀rinrin kankan. Mú ṣọ́ọ̀kì ilé-ìwé tàbí ẹfun, lọ̀ ọ́ kúnná, kí o wọ́n ọn sí gbogbo ibi tí nǹkan méjì ti pàdé: ibi tí táàpù ti wọ táǹkì, ojú táàpù fúnra rẹ̀, orí rọ́bà méjèèjì, ibi tí abọ́ kábú (ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí epo ń dúró sí) ti so mọ́ ara kábú, ìdí sukúrù tí wọ́n fi ń da epo abọ́ nù. Ibi tí ẹfun bá ti kọ́kọ́ yí dúdú, ibẹ̀ lo ń wá.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni kí o ṣe é. Kọ́kọ́ ti táàpù pa, dúró fún wákàtí kan, wò ó. Lẹ́yìn náà, nù ún, wọ́n ẹfun tuntun, wá ṣí táàpù láìta ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá ń jò nígbà tí táàpù wà ní pípa, òkè ni ẹjọ́ wà, táàpù tàbí táǹkì. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tó bá ṣí nìkan ni, ìsàlẹ̀ ni. Ó sì lè jẹ́ méjèèjì, torí ọdún mẹ́ta kì í ṣe kékeré lára rọ́bà.

Má bínú sí Honda yẹn. Láti 1976 ni wọ́n ti ń ṣe CG jáde. Wọ́n mọ̀ ọ́n mọ̀ fi ọ̀pá gbọọrọ máa ti fáàfù, ìlẹ̀kùn kékeré inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ṣí dípò kí wọ́n lo ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì, kó lè fara da ibi tí wọn kì í ti í tọ́jú ọkọ̀ dáadáa. Yóò tún ṣiṣẹ́.

Arìnnàkò Ìbarà
Tèmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Mo kàn fi ìdí sukudiráífà gbá abọ́ kábú ní pẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ló bá dákẹ́. Gbìyànjú ẹ̀ ná, kò ná ọ ní kọ́bọ̀.

Mẹkáníìkì Láfẹ́nwá
Òótọ́ lo sọ, Arìnnàkò, àwa náà ń gbá a. Ìdọ̀tí ló há sẹ́nu abẹ́rẹ́ tó ń ti ọ̀nà epo pa nínú kábú, gbígbá yẹn ló mì ín kúrò. Àmọ́ inú abọ́ náà ló bọ́ sí, kò kúrò nínú kábú, òmíràn sì ń bọ̀ láti òkè. Bó bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà ní alẹ́, gbá a kí o lè délé. Bí o bá délé, tú u.

Ọmọ Àsèró
Ẹ̀gbọ́n, mo ti ṣe bí ẹ ṣe wí, mo sì dúpẹ́ pé mo ṣe é.

Ẹ̀ẹ̀kíní, pẹ̀lú táàpù ní pípa: ìdí kábú gbẹ fún odidi wákàtí kan. Ṣùgbọ́n ẹfun tó wà lójú táàpù, níbi awo pẹlẹbẹ tí wọ́n fi sukúrù méjì dè, yí dúdú díẹ̀díẹ̀. Kò kán, ó kàn ń rin. Mi ò lè rí i láyé láìsí ẹfun.

Ẹ̀ẹ̀kejì, pẹ̀lú táàpù ní ṣíṣí: kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí epo fi bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ abọ́ ló gbà jáde o, páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó dojú kọlẹ̀ lábẹ́ kábú ló gbà. Kábú tuntun nìyẹn. Mo gbé ti àtijọ́ padà síbẹ̀ láti fi wò ó, ibì kan náà ló ti ń kán. Báwo ni kábú méjì ṣe lè ní àrùn kan náà?

Tíṣà Físíìsì
Ìbéèrè tó dáa gan-an nìyẹn, jẹ́ kí n dáhùn apá kan.

Gbogbo wa mọ táǹkì omi tó wà lórí òpó nílé. Bọ́ọ̀lù kan wà nínú rẹ̀. Bí omi bá ń kún, bọ́ọ̀lù á máa gòkè, títí á fi ti ẹnu páìpù pa. Bí bọ́ọ̀lù bá bàjẹ́ tàbí òkúta há sẹ́nu páìpù, omi ò ní dúró, á gba ojú ihò òkè tí wọ́n ṣe fún àkúnwọ́sílẹ̀ jáde. Bí abọ́ kábú ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Fúlóòtì ni bọ́ọ̀lù. Abẹ́rẹ́ kékeré tó jókòó lórí rẹ̀ ló ń ti ẹnu ihò epo pa. Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tí o rí yẹn ni ọ̀nà àkúnwọ́sílẹ̀. Wọ́n mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é ni, kí epo tó pọ̀ jù lè kán sílẹ̀ dípò kó wọnú ẹ́ńjìnnì. Nítorí náà páìpù yẹn ò bàjẹ́, má ṣe dí i láéláé. Ó ń sọ fún ọ pé abẹ́rẹ́ kò ti ẹnu ihò pa.

Ohun mẹ́ta ló lè fà á. Àkọ́kọ́, fúlóòtì ti lu, epo ti wọnú rẹ̀, kò léfòó mọ́. Yọ ọ́, mì í létí, kí o gbọ́ bóyá nǹkan ń ṣàn nínú. Bí o ò bá gbọ́ nǹkan kan, gbé omi gbígbóná láti inú ilé wá síta nínú fúláàsì, ri fúlóòtì sínú rẹ̀. Bí ó bá ń tú ìfófòó jáde, ó ti lu. Èkejì, ẹnu abẹ́rẹ́ ti jẹ. Rọ́bà dúdú ló wà lórí rẹ̀. Fi ìka rẹ tọ́ ọ wò, bí o bá rí òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti wọnú rọ́bà yípo, ó ti lọ. Ẹ̀kẹta ni ìdọ̀tí.

Ìdánwò kan tún wà tí mo fẹ́ràn. So rọ́bà tó mọ́ gaara mọ́ ẹnu ibi tí wọ́n ti ń da epo abọ́ nù, gbé rọ́bà náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́, wá tú sukúrù ìdí abọ́ díẹ̀. Ibi tí epo bá dé nínú rọ́bà ni ibi tó dé nínú abọ́. Ó yẹ kó dúró ní mílímítà díẹ̀ sísàlẹ̀ etí abọ́. Bí ó bá ń gòkè láìdúró, o ti rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ.

Mẹkáníìkì Láfẹ́nwá
Tíṣà ti sọ ọ́ débi tó yẹ. Èmi á wá fà á lọ sókè díẹ̀.

> Báwo ni kábú méjì ṣe lè ní àrùn kan náà?

Torí pé inú táǹkì kan náà ni wọ́n ti ń mu. Kábú tuntun rẹ lo ọjọ́ mẹ́ta kó tó jò. Bó bá jẹ́ àyederú ni, ọjọ́ tí wọ́n gbé e sí i ni ì bá ti jò. Ọjọ́ mẹ́ta yẹn ni ìdọ̀tí fi rìn láti òkè wá bá abẹ́rẹ́ tuntun. Táǹkì tó lo ọdún mẹ́ta ní òfìfo lábẹ́ tápólì, ó ti dípẹtà. Òtútù òru á wọ̀ ọ́, oòrùn ọ̀sán á mú kó làágùn nínú, irin á jẹ.

Fa epo inú táǹkì jáde sínú kẹ́ẹ̀gì irin tó ní ìdérí, tú ike kékeré tó wà nísàlẹ̀ táàpù, wo ohun tó bá wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, yọ táǹkì, gbé e sójú oòrùn, fi dígí darí ìtànṣán sínú rẹ̀, kí o wò ó. Má lo fóònù, má lo tọ́ọ̀ṣì.

Kí o tún yọ igi tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, gbóòórùn rẹ̀. Bí ó bá ń rùn bí epo, tí ó sì ti kọjá àmì òkè, epo kan ti ń gba inú kábú lọ sínú ẹ́ńjìnnì. Má ta á mọ́ títí wàá fi da ọ́ìlì yẹn nù. Ọ́ìlì tí epo ti là kò lè dáàbò bo irin, owó páàtì tó máa bàjẹ́ á ju ti gbogbo kábú tó wà lọ́jà lọ.

Ọlọ́kadà Ọbáńtokò
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Boxer tèmi, ọ̀sán nìkan ló ń jò, ìdérí táǹkì ló sì ń gbà, pàápàá bí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra epo. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lálẹ́.

Tíṣà Físíìsì
Ọ̀rẹ́, ó ń kún dé ọrùn ni. Epo máa ń wú bí oòrùn bá pa á, kò sì sí àyè kankan tó kù fún un. Fi bí ìka méjì sílẹ̀ lókè nígbà tí o bá ń rà á, má sì gbé e sójú oòrùn ní kété tí o bá rà á tán. Bí ó bá tún jò lẹ́yìn ìyẹn, pààrọ̀ rọ́bà inú ìdérí.

Arìnnàkò Ìbarà
Ọmọ Àsèró, láti fa epo yẹn jáde, rọ́bà gígùn kan ti tó. Fi ẹnu fà á lẹ́ẹ̀kan, á tẹ̀lé e.

Nọ́ọ̀sì Ìdí-Àbà
Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Mi ò mọ̀ nípa alùpùpù, àmọ́ mo mọ ohun tí epo ń ṣe nínú ẹ̀dọ̀fóró. Epo bẹntiróòlù fúyẹ́, ó ń yọ̀. Díẹ̀ tó bá ṣi ọ̀nà gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró lè dá àìsàn ńlá sílẹ̀. Bí ẹnìkan bá sì gbé e mì, ọmọdé tàbí àgbà, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fún un ní mílíìkì, ẹ má sì ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́nà ọ̀fun láti mú un bì. Bíbì yẹn ló máa ń gbé e lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá. Mo ń sọ ọ́ nítorí pé epo pupa ṣì ni ohun àkọ́kọ́ tí àwọn ìyá ń fún ọmọ kí wọ́n tó gbé e wá bá wa.

Ọmọ Àsèró, yọ rọ́bà lẹ́nu kábú, kí o ṣí táàpù, á sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ọmọ Àsèró
Ẹ ṣeun, Nọ́ọ̀sì. Báyìí náà ni mo ṣe.

Ẹ̀gbọ́n Láfẹ́nwá, ẹ kú ojú inú. Ike ìdí táàpù kún fún ẹrẹ̀ pupa, bí ata gbígbẹ tí wọ́n gún kúnná. Inú táǹkì pupa láti ìsàlẹ̀ dé ìdajì. Sẹ́ẹ̀fù tó yẹ kó wà lórí páìpù táàpù nínú táǹkì, tí ì bá máa sẹ́ ìdọ̀tí, ti jẹ tán, ìdí rẹ̀ nìkan ló kù.

Abẹ́rẹ́ kábú àtijọ́ ní òrùka tí Tíṣà sọ, ìka mi ń kọ́ ọ. Ti tuntun ò ní òrùka, eruku pupa ló kún ẹnu rẹ̀. Fúlóòtì méjèèjì dára. Rọ́bà oníhò mẹ́rin tó wà nínú táàpù ti gan bí igi.

Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ń rùn epo. Ó ti kọjá àmì. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí mo pààrọ̀ rẹ̀, ó dùn mí.

Ọlọ́kadà Ọbáńtokò
Fún ìpẹtà, omi bátìrì ni àwọn kan ń lò. Ó ń jẹ ẹ́ kíá.

Mẹkáníìkì Láfẹ́nwá
Rárá o. Ó ń jẹ ìpẹtà, ó sì ń jẹ irin tó dáa mọ́ ọn. Ó lè ta sí ojú ọmọ ènìyàn. Mo ti rí ọmọṣẹ́ tí ojú rẹ̀ kan kò ríran mọ́ látàrí rẹ̀. Ẹ má dárúkọ rẹ̀ fún ẹni tó ń ṣe é lẹ́yìnkùlé fún ìgbà àkọ́kọ́.

Fínígà funfun ni kí o rà, èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà fún oúnjẹ. Yọ táàpù, wá nǹkan tó dí ihò rẹ̀ dáadáa. Kọ́kọ́ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ ìfọṣọ fọ inú táǹkì lẹ́ẹ̀mẹta, kí òróró epo kúrò, torí fínígà kì í wọ ibi tí epo bá wà. Kó nọ́ọ̀tì àtijọ́ bí ìkúnwọ́ méjì sínú rẹ̀, tàbí ṣéènì kékeré, rọ fínígà lé e, máa mì í. Fi sílẹ̀ mọ́jú, yí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ padà, tún mì í. Ọjọ́ kan sí ọjọ́ méjì ló ń gbà. Ka nọ́ọ̀tì kí o tó kó wọn sínú, kí o tún kà wọ́n nígbà tí wọ́n bá jáde.

Lẹ́yìn ìyẹn, kíákíá ni gbogbo rẹ̀. Omi mímọ́, omi tí o po sódà búrẹ́dì (baking soda) sí láti pa kíkan fínígà, omi mímọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, oòrùn. Irin tó mọ́ tó ṣì tutù, wákàtí díẹ̀ ló fi ń dípẹtà padà. Bó bá ti gbẹ, rọ epo díẹ̀ tí o po ọ́ìlì mọ́, yí táǹkì káàkiri kó kan gbogbo inú rẹ̀.

Táàpù tuntun ni kí o rà lódindi, kó ní sẹ́ẹ̀fù lórí. Rọ́bà epo tuntun, kílípù méjì, fílítà kékeré láàárín. Nípa rọ́bà, gba ti epo gan-an. Má gba èyí tó mọ́ gaara tí wọ́n fi ń fa omi sí aláìsàn lára. Tíṣà lè fi ṣe ìdánwò ìṣẹ́jú márùn-ún, àmọ́ bí ó bá pẹ́ nínú epo, á le, á sán. Ọ̀pọ̀ rọ́bà ló sì ti jìyà lọ́dún 2022, nígbà tí epo tó ní mẹtanọ́ọ̀lù púpọ̀ wọ ọjà, kí wọ́n tó ní kí wọ́n kó o kúrò. Má fi gọ́ọ̀mù gáskẹ́ẹ̀tì sí ojú táàpù tàbí abọ́ kábú. Epo ń yọ́ ọ, èyí tó bá já á lọ dí ojú ihò inú kábú.

Ọmọ Àsèró
Ẹ̀yin ará, mo ti fọ̀ ọ́, inú táǹkì funfun bí tuntun. Àmọ́ nǹkan mìíràn yọjú. Mo rọ kẹrosíìnì sí i láti fi dán an wò, mo fi ẹfun sábẹ́ rẹ̀. Ibì kan nísàlẹ̀, lápá ẹ̀yìn níbi tí àga bò, ń rin. Ihò náà kò tó orí abẹ́rẹ́ ìránṣọ. Kò jò tẹ́lẹ̀ níbẹ̀.

Arìnnàkò Ìbarà
Ọṣẹ. Ọṣẹ ìfọṣọ gígùn, rẹ́ díẹ̀, tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Epo kì í yọ́ ọṣẹ. Mo ti fi gun ọ̀kadà láti Ìbarà dé Ṣágámù rí.

Wẹ́dà Ìta-Òṣìn
Arìnnàkò ò parọ́, ọṣẹ máa ń gbé ènìyàn délé. Bí òjò bá rọ̀ sí i, á lọ. Nítorí náà, kí a ṣe é bó ṣe yẹ.

Ọmọ Àsèró, ìpẹtà fúnra rẹ̀ ló ń dí ihò yẹn tẹ́lẹ̀. O fọ ìpẹtà, ihò fara hàn. Ó dára bẹ́ẹ̀, sàn ju kó lu lójú ọ̀nà lọ.

Fi ìka tẹ ẹ̀gbẹ́ ihò náà. Bí irin rẹ̀ ṣì le, ihò kan ṣoṣo ni, ó ṣeé dí. Bí ó bá ń tẹ̀ wọlé bí páálí, irin ibẹ̀ ti tán, wọ́n ní láti gé e kí wọ́n fi awo tuntun lẹ̀ ẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ka èyí gbọ́ ni pé táǹkì tó ṣófo ló ń pani. Èyí tí epo kún, epo nìkan ni. Èyí tó ṣófo, afẹ́fẹ́ epo àti afẹ́fẹ́ lásán ti pò pọ̀ nínú rẹ̀, ó ń dúró de iná ni. Kódà nínú òtútù tó le ju ti yìnyín lọ, epo bẹntiróòlù ṣì ń tú afẹ́fẹ́ tó lè gbaná jáde. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í gba táǹkì lọ́wọ́ oníbàárà kó tó fi imú ara rẹ̀ gbóòórùn inú ẹ̀, èmi náà kì í gbà á. Fínígà àti ọṣẹ tí o lò ti ṣe ìdajì iṣẹ́, àmọ́ o ti tún rọ kẹrosíìnì sí i, nítorí náà padà fọ̀ ọ́. Omi gbígbóná àti ọṣẹ, lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, mo máa ń rọ omi kún inú rẹ̀ débi ihò, mo máa ń da táǹkì délẹ̀ kí ihò wà lókè pátápátá, kí afẹ́fẹ́ tó kù nínú rẹ̀ má tó nǹkan, ẹnu ibi tí wọ́n ti ń rọ epo á wà ní dídí kí omi má baà dà, ihò táàpù á sì wà ní ṣíṣí kí ooru lè ráyè jáde.

Fún ihò kékeré bẹ́ẹ̀, mi ò ní fi iná ńlá kàn án. Òjé tí à ń fi jó redíò, irin ìjó tó gbóná, ojú irin tí a ha mọ́ tónítóní, ó tó. Iná ńlá á jó ọ̀dà bàbá rẹ, á sì la ihò náà sí i. Bí o kò bá rí ẹni tó fọwọ́ sọ̀yà lórí rẹ̀, àtè onípò méjì tí wọ́n ń pò pọ̀, èyí tí wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé epo kò lè jẹ ẹ́, á dúró dáadáa. Ha ojú irin, nu òróró kúrò, lẹ̀ ẹ́ láti ìta, fún un ní odidi ọjọ́ kan kó tó rí epo.

Ọmọ Àsèró
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo fẹ́ ròyìn.

Irin ẹ̀gbẹ́ ihò le. Wẹ́dà kan nítòsí wa fi òjé dí i, omi kún inú táǹkì bí ẹ ṣe wí. Kí ó tó fọwọ́ kàn án, ó gbóòórùn inú rẹ̀, mo rántí ọ̀gá yín. Mo fi ẹfun wò ó lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú kẹrosíìnì mọ́jú, funfun ló wà títí di àárọ̀.

Mo ra táàpù tuntun ní Láfẹ́nwá, rọ́bà, kílípù àti fílítà. Kábú àtijọ́ ni mo dá padà, mo ra abẹ́rẹ́ tuntun sí i pẹ̀lú gáskẹ́ẹ̀tì abọ́. Mo fi òwú tí wọ́n ń fi nu etí nu ojú ihò tí abẹ́rẹ́ ń jókòó lé. Gbogbo owó rẹ̀ kò tó ìdajì owó kábú tuntun tí mo kọ́kọ́ rà. Rọ́bà gaara ni mo fi wo epo inú abọ́: ó gòkè, ó dúró sísàlẹ̀ etí abọ́, kò sún mọ́. Mo pe ìyàwó mi wá wò ó.

Mo da ọ́ìlì nù, mo rọ tuntun. Ẹ̀ẹ̀kejì ni mo ta á, ó jí. Mo tẹ́ páálí sábẹ́ rẹ̀, àárọ̀ mẹ́rin rèé, páálí gbẹ.

Lánàá Sunday, mo gùn ún lọ kí ìyá mi ní Aké. Wọ́n wà nínú ilé nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀ òkè. Kí n tó pa á, wọ́n ti jáde sí iwájú ilé, wọ́n ní àwọ́n rò pé àwọn ń gbọ́ bàbá mi ni.

Mẹkáníìkì Láfẹ́nwá
Ọlọ́run á dá ìyá sí. Yọ fílítà yẹn wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, yóò ti rí díẹ̀ mú, má jẹ́ kó bà ọ́ lẹ́rù, pààrọ̀ rẹ̀. Tún òórùn ọ́ìlì gbọ́ lọ́jọ́ kan náà. Kí o sì máa ti táàpù pa nígbàkigbà tí o bá sọ̀ kalẹ̀, kódà bó jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré.

Ìyá Ìbejì Kútọ̀
Inú mi dùn, ọmọ mi. Níbo ló ń sùn báyìí?

Ọmọ Àsèró
Ìta ni, mà. Abẹ́ igi máńgòrò, mo fi ṣéènì dè é mọ́ ìdí igi, táàpù wà ní pípa.